Ara Mi Ń Jóná, Wọ́n Ní Mo Ń Dán

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé mo rẹwà nígbà tí mo tẹ́ẹ́rẹ́, mo máa bá a jà. Mo ti kìlọ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà màmá mi, mo sì ń kìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo kọ́kọ́ fẹ́ dúró kí inú náà rọ̀ kí n tó kọ̀wé, ṣùgbọ́n kò rọ̀, mo sì rò ó pé tí mo bá ń dúró dè é, ẹni tó yẹ kó ka ọ̀rọ̀ yìí lè ti kú kí n tó parí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọrùn yín ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀yin ni mò ń kọ ọ́ sí. Àti ẹ̀yin tí ẹ ń rù láìmọ ìdí, tí àwọn èèyàn sì ń kí yín kú oríire.

Ojú abẹ́rẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ ni màmá mi, ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Kúje-Àmúwò, ilé wa sì wà ní Festac, ní òkè kẹta nínú ọ̀kan lára àwọn ilé ìjọba tí àtẹ̀gùn wọn kì í tán. Bàbá mi ti kú láti ìgbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, èmi àti Mọ́mì nìkan la jọ ń gbé. Ojú Mọ́mì kò fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan tó bá súnmọ́ wọn mọ́, nítorí náà èmi ni mo máa ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ wọn. Lọ́jọ́ kan mo ki òwú, kò wọlé. Mo fi itọ́ tẹ́ ẹnu rẹ̀, mo tún un kì, kò wọlé. Ìgbà tí mo wo ọwọ́ mi dáadáa ni mo rí i pé ó ń gbọ̀n.

"Ìwọ náà ti darúgbó nìyẹn!" Mọ́mì ń rẹ́rìn-ín. "Àbí o ò tíì jẹun ni?"

Mo ti jẹun. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó bà mí lẹ́rù. Mo ti jẹ ẹ̀wà àgọ̀yìn àti búrẹ́dì tó tó èèyàn méjì jẹ, ebi sì tún ń pa mí. Ooru ń mú mi nínú òjò oṣù keje nígbà tí àwọn ará ilé wa ń wọ súwẹ́tà. Àyà mi ń lù kìkìkì bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ pe orúkọ ẹni nínú èsì ìdánwò, bẹ́ẹ̀ mo jókòó jẹ́ẹ́ lórí àga. Mo rò pé àníyàn ni. Oníàníyàn èèyàn ni mí láti kékeré, mo máa ń bẹ̀rù kí n tó mọ ohun tí mò ń bẹ̀rù. Nítorí náà nígbà tí àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù, mo wá ìdí fún un, mo sì rí ìdí púpọ̀: mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, kò síṣẹ́, mi ò lẹ́ni tí mo mọ̀ ní ọ́fíìsì kankan. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ọkàn mi ló ń sáré ní tirẹ̀, èmi ni mò ń wá ìbẹ̀rù tí mo máa fi bo ọ̀rọ̀ náà.

Bayokẹ́míṣírì ni mo kà ní yunifásítì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ohun tó ń lọ nínú ara ohun alààyè níbi tí ojú kò lè rí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí ẹ lè mọ bí ojú ṣe ń tì mí tó. Mo lè ya bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń gba oúnjẹ wọlé, bó ṣe ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́, àti bó ṣe ń tú agbára inú rẹ̀ sílẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìwo ìwé. Éè ni mo gbà nínú ìdánwò rẹ̀. Ẹni tó gba Éè yẹn náà ni kò mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì òun ti ń dáná sun gbogbo ohun tó wà nínú àká.

Àkókò yẹn ni Àǹtí Kíkẹ́ wá mú mi. Wọn kì í ṣe ẹbí wa. Oníbàárà Mọ́mì ni wọ́n, a sì jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Festac tí wọ́n ti ń ta àwọn oògùn afáralókun inú ike, irú èyí tí ilé iṣẹ́ ń tà láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíì. Ẹni tó bá mú ẹ wọnú iṣẹ́ náà ni àpláìnì rẹ. Ohunkóhun tí o bá tà, tirẹ̀ wà níbẹ̀.

"Mojí," wọ́n sọ bí Mọ́mì ṣe ń wọn ìdí wọn fún síkẹ́ẹ̀tì, "àwa tí a ò lọ yunifásítì là ń ta oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì kiri, ìwọ tó o ka sẹ́ẹ̀lì gan-an wá jókòó síbí ò ń ki òwú. Ṣé ìyẹn dáa?"

Mọ́mì ní, "Ẹ bá mi bi í o."

Báyìí ni mo ṣe di tíṣà sẹ́ẹ̀lì. Ní gbogbo Sátidé wọ́n á háyà gbọ̀ngàn kan, èèyàn á kún un, èmi á sì dúró níwájú pátákó funfun, màá ya sẹ́ẹ̀lì, màá ṣàlàyé bí oúnjẹ ṣe ń di agbára. Ohun tí mo ń sọ kò burú, òótọ́ ni. Lẹ́yìn mi ni Àǹtí Kíkẹ́ á wá gba maikirofóònù, wọ́n á ní ẹ ti gbọ́ lẹ́nu ẹni tó kàwé, oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì náà nìyí nínú ike. Mo fẹ́ràn pé wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ní láti jẹ́wọ́ ìyẹn. Fún ọdún kan gbáko ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè tí mo mọ ìdáhùn rẹ̀, àfi nínú gbọ̀ngàn yẹn.

Òfin wọn ni pé ẹni tó bá ń tà á gbọ́dọ̀ máa lò ó. Nítorí náà ní àràárọ̀ mo ń po ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé kan mu, koríko inú òkun ni wọ́n fi ṣe é. Mo sì ń rù. Mo ń rù ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ike lọ. Láàárín oṣù díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Mọ́mì dín ìbú aṣọ mi kù. Inú Àǹtí Kíkẹ́ ń dùn bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣègbéyàwó.

"Ọmọ, wo bọ́dì! Ẹ wá wo Mojí o! Jẹun níwájú wọn, jẹ́ kí wọ́n rí i. Ó ń jẹ bí i lébìrà, kò sanra!"

Wọ́n mú àwòrán mi ìgbà àgùnbánirọ̀, nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kún, wọ́n fi sí apá òsì. Wọ́n ya òmíràn nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, tí mo wọ aṣọ yẹ́lò tí Mọ́mì ti dín, ojú mi ràn, eegun ọrùn mi yọ, wọ́n fi sí apá ọ̀tún. Wọ́n kọ "Kó Tó Lò Ó" sábẹ́ tòsì, wọ́n kọ "Lẹ́yìn Tó Lò Ó" sábẹ́ tọ̀tún. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó tóbi tó ilẹ̀kùn.

Ní gbọ̀ngàn, mo máa ń gba maikirofóònù, màá ní: "Mò ń jẹ ohun tó wù mí, mi ò sanra. Kì í rẹ̀ mí. Oorun kì í kùn mí. Láàárọ̀ kùtù ara mi ti gbóná, ó fẹ́ ṣiṣẹ́." Wọ́n á pariwo, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Àmì àìsàn mi ni mò ń kà fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń rà á.

Ohun tó kọ́kọ́ já mi láyà ni pín-ìn-nì. Pín-ìn-nì tí Mọ́mì fi ń di aṣọ mú kí wọ́n tó rán an dànù sílẹ̀, mo lóṣòó mo ń ṣà á. Nígbà tí mo fẹ́ dìde, itan mi kò gbé mi. Kò dùn mí, kò ro mí, ó kàn kọ̀ ni. Èmi tí mo ń sọ fún gbọ̀ngàn pé kì í rẹ̀ mí, mo lóṣòó sílẹ̀ bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, mo ń wá ohun tí mo máa dì mú. Mọ́mì ló fà mí dìde. Wọn kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ojú mi tó ti ń yọ síta ni wọ́n ń wò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí kọ́ọ̀pù mi. Mo dojú rẹ̀ dé láti fọ̀ ọ́, mo rí i pé wọ́n ti fi àwọ̀ èékánná pupa tọ́ àmì kékeré sí ìdí rẹ̀. Mo wo ṣíbí mi, àmì wà níbẹ̀. Mo wo abọ́ mi.

"Mọ́mì, kí lèyí?"

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹ fi àmì sí nǹkan mi. Kí ẹ má baà fi jẹun?"

Wọ́n ń ká ìdí aṣọ tí kò nílò kíká. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Mojí, tó bá jẹ́ àrùn yẹn ni, sọ fún mi. Mi ò ní lé ẹ jáde. Èmi ni mo bí ẹ."

Ẹ̀yin ará, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ bó ṣe rí lára mi. Mo bínú, ojú tì mí, mo sì káàánú wọn, gbogbo rẹ̀ papọ̀. Mo bínú nítorí wọ́n rò pé mo ní éèdì. Ojú tì mí nítorí èmi náà ti ń rò ó láti bí oṣù kan, tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Mo lọ ṣe àyẹ̀wò náà. Mi ò ní i. Mọ́mì sunkún, wọ́n sì jókòó wọ́n fi ọ̀bẹ ha àwọ̀ èékánná náà kúrò lára kọ́ọ̀pù, ṣíbí àti abọ́. Àmì náà kò ṣí tán. Ó ṣì wà lára ṣíbí yẹn títí di òní.

Bí kì í bá ṣe éèdì, kí wá ni? Àbúrò Mọ́mì gbé àgbo wá láti Ìsẹ́yìn, ó ní aràn ló ń jẹ oúnjẹ mi. Mo mu ún, mo ń lọ sílé ìgbẹ́ ní ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà mo ti ń lọ jù. Ẹlòmíràn ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọkọ ẹ̀mí ni, òmíràn ní kí n gbààwẹ̀. Kí ẹni tó ń jóná gbààwẹ̀! Àǹtí Kíkẹ́ ní kí n fi ṣíbí ìyẹ̀fun kan kún ṣíbí tí mò ń lò. Mo sì fi kún un.

Jẹnẹrétọ̀ ló gbà mí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í jó gílóòbù, méjì lọ lọ́jọ́ kan, epo rẹ̀ sì ń tán kíá. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Bọ̀dá Wásíù ní Agboju. Ará Òkèhò ni wọ́n, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń tún ṣe, àwọn náà ni wọ́n máa ń gbé jẹnẹrétọ̀ ńlá wá sí gbọ̀ngàn wa ní Sátidé. Wọ́n fa okùn rẹ̀, ó bú bí ẹni tí wọ́n ta ní ìbọn. Wọ́n pa á lójú ẹsẹ̀.

"Gọ́fánọ̀ ẹ̀ ló ti já."

"Kí ni gọ́fánọ̀?"

"Ha! Sísí Gírádúéètì!" Wọ́n fi àkísà nu ọwọ́. "Òun ló máa ń sọ fún ẹ́ńjìnnì pé ó tó, rọra. Tí ò bá sí, ẹ́ńjìnnì á máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Á mu epo, á gbóná, iná ẹ̀ á mọ́lẹ̀ janjan. Ẹni tí ò mọ̀ á ní, ha, jẹnẹrétọ̀ yìí mà dáa o. Ó ń kú lọ ni."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò wo jẹnẹrétọ̀ mọ́. Ọrùn mi ni wọ́n ń wò.

"Dákẹ́ ná. Kí ló ń fò lọ́rùn ẹ yẹn? Ojú ẹ náà ti yọ síta. Àbúrò mi obìnrin nílé, bó ṣe rí nìyẹn. Wọ́n ní ó ń ronú ọkọ ni, wọ́n ní àjẹ́ ni, ọrùn ló jẹ́. Lọ sí ọsibítù, sọ fún wọn kí wọ́n yẹ ọrùn ẹ wò."

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo bínú. Mo ní nínú ara mi, mẹkáníìkì jẹnẹrétọ̀ wo ló fẹ́ kọ́ èmi ní bí ara ṣe ń lo agbára? Mo san owó iṣẹ́ wọn, mo gbé jẹnẹrétọ̀ mi, mo lọ. Mi ò tíì dé ìdajì àtẹ̀gùn ilé wa tí mo fi jókòó sílẹ̀, tí mo gbé ọwọ́ lé ọrùn mi, tí mo rí i pé ó wú. Ó wú pẹ̀lẹ́, yípo, bí ẹni tó gbé nǹkan mì tí kò tíì lọ. Gbogbo ojú ìwé tí mo ti kà padà wá sí mi lórí ní ìṣẹ́jú kan yẹn.

Ní ọsibítù ìjọba, ẹ múra láti dúró. Ìdájí ni mo dé, àádọ́ta èèyàn ti wà níwájú mi. Lórí bẹ́ǹṣì, tí ẹnì kan bá wọlé, gbogbo yín á sún ìdí díẹ̀. Ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wò mí, wọ́n ní, "Ta lo mú wá, ọmọ mi?" Mo ní èmi ni mo wá. Wọ́n ní, "Ìwọ tó o tún rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ báyìí? Ara tìẹ le ju tiwa lọ." Mi ò lágbára láti bínú sí wọn, mo kàn ń sún ìdí.

Dókítà náà, obìnrin tí kò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà jù mí lọ, ní kí n na ọwọ́ mi méjèèjì síwájú. Wọ́n fi ìwé kan lé orí ìka mi. Ìwé náà ń gbọ̀n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọn kò tíì sọ̀rọ̀ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó rí bí Bọ̀dá Wásíù ṣe wí.

Mo máa sọ ọ́ bó ṣe yé mi. Oúnjẹ tí a bá jẹ máa ń di ohun tí ẹ̀jẹ̀ lè gbé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn yàrá kéékèèké tí a fi mọ gbogbo ara wa, á gbà á wọlé. Èyí tí wọ́n nílò lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sun ún, agbára á jáde. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ara á kó o pamọ́: díẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, púpọ̀ á di ọ̀rá. Nígbà tí oúnjẹ kò bá sí, á tún máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yà ara ọrùn yẹn ló ń ránṣẹ́ sí wọn pé ẹ sun ún kíákíá, tàbí ẹ rọra. Tèmi ti ya wèrè, kíákíá nìkan ló ń kígbe. Sẹ́ẹ̀lì mi kò ṣe nǹkan kan, wọ́n ń gbọ́ràn ni. Wọ́n sun oúnjẹ tán, wọ́n sun ọ̀rá tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sun ẹran ara mi, ìdí nìyẹn tí itan mi fi kọ̀ láti gbé mi. Èyí tó pọ̀ jù nínú agbára náà kò sì ṣiṣẹ́ kankan. Ooru lásán ni.

Dókítà béèrè ohun tí mò ń lò. Mo sọ nípa ìyẹ̀fun náà. Wọ́n gbé orí sókè. Wọ́n ní àwọn kò lè sọ pé òun ló dá àìsàn náà sílẹ̀, ó lè jẹ́ pé ó ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú koríko òkun ni ẹ̀yà ara yẹn ń jẹ. "Ò ń da epo síná," wọ́n sọ. "Jù ú nù lónìí."

Mo jù ú nù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo tábúlẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀kan láti pa ọrùn lẹ́nu mọ́, èkejì láti mú kí ọkàn rọra. Kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ẹ má retí ìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo ki òwú, tó wọlé lẹ́ẹ̀kan. Mọ́mì kan sáárá bí ìgbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sanra, nítorí sẹ́ẹ̀lì mi ti tún ń rí nǹkan kó pamọ́.

Sísanra náà ló mú Àǹtí Kíkẹ́ wá sílé wa.

"Ta ni mo ń rí yìí? Mojí! Wo ẹ̀rẹ̀kẹ́! Ṣé búrẹ́dì lo kó síbẹ̀ ni?"

"Àǹtí, ara mi kò yá tẹ́lẹ̀ ni. Oògùn ni mò ń lò."

"Oògùn ọsibítù? Kẹ́míkà? Ìwọ tó ò ń kọ́ wa ní sẹ́ẹ̀lì!" Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí Mọ́mì wà ní kíṣìnnì. "Gbọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, àwọn ọ̀gá ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ńlá. Àwòrán ẹ ni mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Ṣé kí n wá sọ fún wọn pé ọmọ yẹn ti wú padà? Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣe fún ẹ? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo ní. Tó bá tán, máa lo kẹ́míkà ẹ lọ."

Ẹ fi mí bú, mo gbà. Mo dá tábúlẹ́ẹ̀tì dúró. Mo ti ronú nípa rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, mo ń wá ìdí tí yóò dà bí ọgbọ́n, mi ò rí i. Mo bẹ̀rù Àǹtí Kíkẹ́. Mo bẹ̀rù kí n má tún di ẹni tó jókòó sílé. Àti pé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, mo fẹ́ràn aṣọ yẹ́lò yẹn. Mo fẹ́ kí ó tún bá mi mu. Ní àràárọ̀ mo ń mú tábúlẹ́ẹ̀tì náà lójú Mọ́mì, màá fi sẹ́nu, tí wọ́n bá ti yíjú, màá tu ú dà sínú agolo bọ́tìnnì wọn, níbi tí wọ́n ti dà bí bọ́tìnnì funfun kéékèèké. Mo sì tún ń po ìyẹ̀fun mu.

Ní Sátidé tí àwọn ọ̀gá náà wá, ooru mú, gbọ̀ngàn kún. Mo wọ aṣọ yẹ́lò. Láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn ni ibà ti ń ṣe mí, àyà mi kò dáwọ́ dúró. Mo dojú kọ pátákó, mo ya sẹ́ẹ̀lì, yípo kan, mo fẹ́ ya ọfà tó ń wọlé. Mi ò rántí apá ibi tí ọfà náà ń lọ. Mo dúró. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ wótowòto nínú maikirofóònù, èmi ni. Mo bì sára pátákó, ẹsẹ̀ mi yẹ̀, mo ṣubú.

Mo gbọ́ Àǹtí Kíkẹ́. Ẹ gbà mí gbọ́, mo gbọ́ wọn. Wọ́n gba maikirofóònù, wọ́n ní, "Ẹ má bẹ̀rù, ẹ jókòó! Ara rẹ̀ ló ń fọ ìdọ̀tí jáde. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!"

Àwọn kan sì pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn náà, iná kú. Fáànù dúró. Ohùn Àǹtí Kíkẹ́ já láàárín ọ̀rọ̀, wọ́n ku ẹnu lásán. Bọ̀dá Wásíù ló ti pa jẹnẹrétọ̀ ńlá tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, tí wọ́n wọlé pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún epo.

"Ẹ kúrò lójú ọ̀nà! Ṣé kó kú níwájú yín lẹ fẹ́?"

"Ta ló ní kí ẹ pa iná?" Àǹtí Kíkẹ́ ń pariwo. "Iṣẹ́ là ń ṣe níbí!"

"Ẹ máa ṣe é nínú òkùnkùn." Wọ́n gbé mi lé èjìká. Àpá epo ọwọ́ wọn kò kúrò lára aṣọ yẹ́lò náà mọ́ láéláé, inú mi sì dùn sí i.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò ní ọsibítù, mẹ́ta nínú rẹ̀ ni mi ò rántí. Dókítà ní tí mo bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ọkàn mi ì bá ti dúró. Ní ọjọ́ kẹfà, Mọ́mì wá, wọ́n gbé agolo bọ́tìnnì lé orí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti wá bọ́tìnnì fún aṣọ oníbàárà kan, wọ́n sì rí tábúlẹ́ẹ̀tì mi nínú rẹ̀. Wọn kò bú mi. Wọ́n kàn ń ṣa tábúlẹ́ẹ̀tì náà kúrò láàárín bọ́tìnnì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú wọn tí kò ríran súnmọ́, wọ́n ń gbé e sún mọ́ imú kí wọ́n lè mọ èyí tí í ṣe èwo. Èmi ń wò wọ́n. Ìyà tó tóbi jùyẹn kò sí.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Mo ṣì ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì kan lójúmọ́, lójú Mọ́mì, mo sì máa ń yọ ahọ́n fún wọn lẹ́yìn rẹ̀. Mò ń gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Tí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dùn yín tàbí ibà dé nígbà tí ẹ bá ń lo oògùn yìí, ẹ sáré lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró; wọ́n kìlọ̀ ìyẹn fún mi gidigidi. Ojú mi kò tíì wọlé tán, ó lè má wọlé tán láé. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ iwájú. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ni báyìí, kì í ṣe ọrùn. Mo ti mọ ìyàtọ̀ wọn. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Àmúwò, mo sì ń gun àtẹ̀gùn wa láìdúró.

Mo lọ bá Àǹtí Kíkẹ́ kí wọ́n yọ àwòrán mi. Wọ́n ní àwọn máa yọ ọ́. Wọn kò yọ ọ́. Mo tún lọ, wọ́n ní kí ni mo ń bínú sí, ṣebí ara mi dá nínú àwòrán náà.

Lánàá mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn. Obìnrin kan dúró síbẹ̀, ó gbé báàgì lápá, ó ń wo àwòrán apá ọ̀tún. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ọmọ yìí mà rẹwà o," ó sọ.

"Èmi nìyẹn."

Ó wo àwòrán, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́, apá, ìdí. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ! Kí ló wá ṣe ẹ́?"

"Ara mi yá ni," mo sọ fún un.